Oríkì tí Bàbá Kì Mí ní Kóòtù

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà mi, ẹ bi mí pé ọmọ ìlú ibo ni mo jẹ́. Àwọn tó mọ̀ mí ní Ọ̀mù-Àrán níbí kì í bi mí mọ́. Àlejò ló máa ń ṣèèṣì bi mí, á sì rò pé òun ń bá mi ṣọ̀rẹ́ ni. Èmi náà á bi í pé, "Ọmọ ibo lo fẹ́ kí n jẹ́?" Mo ti dàgbà jù láti yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí mi tí mo ń gbaná jẹ kò mọ̀ pé nígbà kan rí, níwájú adájọ́ ni wọ́n ti béèrè ìbéèrè yẹn lórí mi, ìdáhùn rẹ̀ ló sì gba iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe lọ́wọ́ mi.

Ìdáhùn náà kò ṣòro. Ará Ìlá ni bàbá mi, ará Èsìẹ́ ni ìyá mi. Ìgbómìnà ni Ìlá, Ìgbómìnà ni Èsìẹ́. Láti ayé baba ńlá wa ni wọ́n ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn, tí wọ́n ń ná ọjà ara wọn, tí wọ́n sì ń bú ara wọn láìwá ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí mi, àwọn òyìnbó ti fa ìlà kan gba inú oko wa kọjá. Ìlá bọ́ sí apá Ìbàdàn, Èsìẹ́ bọ́ sí apá Kàdúná. Nígbà tí a gba òmìnira, àwọn àgbà rò pé ìlà náà yóò bá òyìnbó lọ sílé. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ife tánńganran tí wọ́n fún wa nílé ìwé lọ́jọ́ náà ni mo rántí jù. Ìlà náà kò lọ. Nígbà tí wọ́n wá dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, ńṣe ló tún nípọn sí i.

Ìyá mi wá bí mi sọ́wọ́ ìyá tirẹ̀ ní Èsìẹ́, nítorí èmi ni oyún rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ṣì ń wẹ̀ mí lọ́wọ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n mú ìròyìn wá láti Ìlá pé igi tí ọkọ rẹ̀ ń gé nínú igbó ti wó lù ú pa. Káfíńtà ni bàbá mi. Ìyá mi kò padà síbẹ̀ mọ́. Agbo ilé ìyá mi ni mo ti rá, ibẹ̀ ni mo ti rìn, ibẹ̀ ni mo ti mọ ọ̀nà odò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí ìyá mi ni olórí agbo ilé náà, Bàbá ni gbogbo wa sì ń pè é. Àgbẹ̀ oníṣu ni. Ó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìkórè àti nígbà Kérésì, ṣùgbọ́n iṣu tuntun kò ní wọ ẹnu ẹnikẹ́ni nílé wa àfi bí ó bá kọ́kọ́ gbé e síwájú àwọn baba ńlá rẹ̀. Nígbà tí pásítọ̀ bá bá a wí, á ní Ọlọ́run tí òun mọ̀ kì í ṣe onílara iṣu.

Láràárọ̀ ni gbogbo ọmọ ilé máa ń lọ kí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Bí o bá ti kúnlẹ̀ tàbí tí o dọ̀bálẹ̀, á fi oríkì ilé bàbá rẹ dá ọ lóhùn. Àwọn ọmọ tí àwọn ọkùnrin ilé bí, oríkì kan náà ni wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n àwa tí obìnrin ilé bí, oríkì baba kálukú wa ni Bàbá ń kì wá, ó sì mọ̀ wọ́n tinútòde bí ẹni pé ilé wọn ni wọ́n ti bí i. Láàárọ̀ lásán, ti bàbá nìkan ni. Ó di ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó kí ó tó gùn, kí ó tó yà dé ilé ìyá. Bí Bàbá bá sì kàn sọ pé "Kú àárọ̀" fún ọmọ kan, tó sì dákẹ́, ọmọ náà á mọ̀ pé òun ti dáràn. Ẹni tí wọn ò kì, bí ẹni tí kò ní baba ló rí.

Nígbà kan, àwọn ọmọ kan bá mi jà lódò, wọ́n ní kí n kó ìkòkò mi lọ sí Ìlá, wọ́n ní ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò gbà ni mí. Mo sunkún wálé. Mo sọ fún Bàbá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ńṣe ló jáde síta gbangba, ó dúró ti mí bí mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì gbóhùn sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: "Ọmọ agbẹ́lẹ̀kùn fọ́ba! Ọmọ ẹni tí a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ síta!" Ó kì mí títí àwọn obìnrin tó ń lọ sóko fi dúró wò wá. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò bú mi mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí, nítorí ìfẹ́ kan náà ló gbé Bàbá lọ sí kóòtù.

Bí mo ṣe fẹ́ di dókítà kò ní àlàyé púpọ̀. Àbúrò ìyá mi rọbí, ọmọ náà kọ̀, kò wá. A gbé e sínú ọkọ̀ tó ń kó iṣu, a forí lé Ọ̀mù-Àrán. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi. A ò tíì kọjá Àrándùn tó fi dákẹ́. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, dókítà kan ṣoṣo tó wà fún gbogbo agbègbè náà wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ lórí obìnrin mìíràn. Ìyẹn náà kò bá mi lára mu rárá. Mo pinnu lórí bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀ pé wọn ò ní wá dókítà kan ṣoṣo mọ́ níhìn-ín bí mo bá dàgbà. Mo sọ fún ìyá mi, ìyá mi sọ fún Bàbá, ó sì di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé.

Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí mo fẹ́ lọ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ọmọ àwọn ìpínlẹ̀ tí ilé ìwé kò tíì pọ̀ sí, Kwara sì wà lára wọn. Mi ò bú òfin náà nígbà náà, mi ò sì bú u di òní. Ọmọ àgbẹ̀ tó fi fìtílà kàwé ní Èsìẹ́ tàbí ní Ìsánlú-Ìsin, tí kò rí yàrá sáyẹ́ǹsì rí àfi nínú àwòrán, kò lè bá ọmọ ìlú ńlá sá eré kan náà kí wọ́n jọ débẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ di àyè mú fún un. Ohun tí mo rò ni pé èmi gan-an ni wọ́n di àyè náà mú fún.

Mo yege. Mi ò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ èké bò ó mọ́lẹ̀, mo mọ̀wé. Orúkọ mi jáde lábẹ́ Kwara, ìyá mi sì jó láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò. Nígbà tí mo gbé àpótí mi débẹ̀, akọ̀wé kan tó ń yẹ àwọn ọmọ tuntun wò bi mí pé níbo ni bàbá mi ti wá. Mo ní Ìlá ni. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìlá kò sí ní Kwara. Kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú."

Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Wọ́n ní kí n lọ sí ìpínlẹ̀ bàbá mi. Mo lọ. Àwọn ìyẹn ní wọn ò mọ̀ mí, pé Kwara ni mo ti kàwé, àti pé àyè tiwọn ti kún. Mo gbé àpótí mi padà wá sí Èsìẹ́. Ẹni tó nílùú méjì lánàá kò ní ẹyọ kan mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jẹ́ hẹ́dímásítà ilé ìwé ìjọ, Tíṣà ni gbogbo ilé ń pè é. Òun ló ní kóòtù la máa lọ. Àwọn àgbà kan kọ̀. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Tíṣà ní, "Ṣé ọ̀rẹ́ mi ni ìjọba tẹ́lẹ̀ ni?"

Ìyá mi tí kì í sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ẹbí ló dìde lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Àwọn ère òkúta inú igbó wa yẹn, àlejò la gbọ́ pé wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó di òkúta. Ìlú gbà wọ́n, ìlú ń bọ wọ́n, ìjọba tún kọ́lé bò wọ́n kí òjò má pa wọ́n. Ta ló bi wọ́n pé níbo ni bàbá wọn ti wá? Ẹ jẹ́ á lọ."

Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ parí.

Lọ́yà tí a rí ní Ìlọrin ṣàlàyé ẹjọ́ náà fún wa dáadáa. Òfin àyè yẹn sọ pé "ọmọ ìpínlẹ̀," kò sì sọ bóyá ti bàbá ni tàbí ti ìyá. Lọ́yà ilé ẹ̀kọ́ náà ti kọ̀wé pé kí wọ́n bi àṣà Yorùbá léèrè, ilé bàbá ni ilé ọmọ. Nítorí náà, lọ́yà tiwa ní a nílò àgbàlagbà tí yóò sọ níwájú adájọ́ pé ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ọmọ tí obìnrin ilé bí, tó sì dàgbà sínú ilé, ọmọ ilé ni, ó ń gba ilẹ̀ oko, ó sì ń jókòó pẹ̀lú ẹbí. Ta ló tún lè sọ ọ́ ju olórí ilé lọ?

Tíṣà kọ́ Bàbá ní ìdáhùn. Ó wé táwẹ́lì mọ́rí bíi wíìgì, ó dúró sáàárín ilé, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ọmọ ta ni ọmọ yìí?"

"Ọmọ mi ni."

"Ọmọ ìlú ibo ni?"

"Èsìẹ́ ni. Èmi ni mo ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Ṣé ó ní ilẹ̀ níhìn-ín?"

"Ó ní ebè lóko mi. Iṣu rẹ̀ dára ju tìẹ lọ."

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀. Ohun tí a ò fi kọ́ ọ ni bí a ṣe ń kí ọmọ láàárọ̀. Ta ní ń fi ìyẹn kọ́ àgbàlagbà?

Ọjọ́ ẹjọ́ pé, a wọ ọkọ̀ gba Àjàṣẹ́ lọ sí Ìlọrin. Bàbá wọ dàńdógó rẹ̀ tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Adájọ́ náà kò gbọ́ Yorùbá, ògbufọ̀ ló ń túmọ̀ fún un, ọmọ Ìlọrin ni ògbufọ̀ ọ̀hún, Ìgbómìnà ẹnu Bàbá sì máa ń dà á láàmú díẹ̀. Nígbà tí lọ́yà wa bi Bàbá ní tirẹ̀, àlàáfíà ni. Ó sọ ti ìwọ́, ó sọ ti ebè, ó sọ pé inú yàrá rẹ̀ lòún jókòó sí tóun ti gbọ́ igbe ìbí mi. Mo rí i tí adájọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tíṣà di ọwọ́ mi mú, mo sì rò pé ó ti bọ́ sí i.

Lọ́yà ilé ẹ̀kọ́ náà wá dìde. Ọmọ Yorùbá ni, kò dàgbà, ó sì mọ̀wà hù. Ó tẹrí ba fún Bàbá, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọmọ yìí dàgbà. Bí ó bá kúnlẹ̀ kí yín láàárọ̀, kí lẹ máa ń pè é?"

Ojú Bàbá tàn. Kò sí ẹni tó ti bi í léèrè ohun tó mọ̀ dáadáa láti àárọ̀. Ó wò mí. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti kúnlẹ̀ sáàárín àwọn bẹ́ǹṣì, nítorí bí Bàbá bá wò ọ́ báyẹn, orúnkún rẹ kò ní dúró gba àṣẹ. Ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ agbẹ́lẹ̀kùn fọ́ba. Ọmọ ẹni tí a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Ó kì mí wọ Ìlá, ó kì mí dé ìdílé àwọn baba bàbá mi, ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé ẹjọ́ kan. Àwọn èèyàn ń mirí. Ọlọ́pàá kan ní kí n dìde, òun náà sì dúró gbọ́.

Lọ́yà náà ní, "Ó tó, Bàbá, ẹ ṣeun." Bàbá ṣì la ẹnu sílẹ̀. Ògbufọ̀ yíjú sí adájọ́, ó nu ojú, ó sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹlẹ́rìí ní ọmọ ìdílé kan tó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ní Ìlá ni mí.

"Bàbá," lọ́yà náà tún ní, "ṣé ẹ lè fi oríkì ilé tiyín kì í dípò èyí?"

Dípò. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí Bàbá nínú. Ó na ìka sí ọmọkùnrin náà, ó ní, "Ṣé ọmọ àlè lo rò pé ó jẹ́ ni? Kí n gba ọmọ òkú lọ́wọ́ òkú, níṣojú gbogbo ayé? Mi ò jẹ́ ṣe é!"

Lọ́yà náà tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan sí i, ó jókòó. Tíṣà jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.

Nígbà tí ìdájọ́ jáde, èmi àti Tíṣà nìkan la lọ gbọ́ ọ. Adájọ́ ní olórí ilé ìyá mi fúnra rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ará Ìlá ni mí, ó sì ti kọ̀ láti pè mí ní ọmọ ilé òun. Ó ka oríkì mi jáde ní Gẹ̀ẹ́sì láti inú ìwé rẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń ka iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan. Bẹ́ẹ̀ ni àyè náà ṣe lọ. Mi ò mọ ẹni tó gbà á, mo gbàdúrà pé kí ó lò ó dáadáa.

Bàbá kò mọ̀. Láti ọjọ́ tó ti ti Ìlọrin dé ló ti ń sọ káàkiri Èsìẹ́ bí òun ṣe kì mí níwájú adájọ́, bí kálàmù adájọ́ ṣe ń bá ẹnu òun sáré. Tíṣà fẹ́ sọ fún un. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá jẹ́ kí àgbàlagbà yẹn gbọ́ pé ẹnu òun lòún fi ba ẹjọ́ wa jẹ́, òun á kó ẹrù òun kúrò nílé náà. A pa á mọ́. Lẹ́yìn náà, mo rí àyè ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ilé ìwòsàn ìjọ, níbi tí ẹ̀rí pásítọ̀ ti tó fún wọn. Nígbà tí mo wálé pẹ̀lú aṣọ funfun, Bàbá ní, "Dókítà ti dé." Ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe. Ó di orúkọ mi nílé.

Mo bínú sí i. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, mo bínú gan-an. Mo mọ̀ pé kò ṣẹ̀ mí, ìyẹn ló sì mú kí ìbínú náà burú, nítorí kò ní ibi tí mo lè gbé e kà. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, èmi á máa bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí ó gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò gbàgbé rí. Ní wọ́ọ̀dù, bí aboyún bá dé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju agbára nọ́ọ̀sì lọ, tí a ń wá dókítà tí a ò rí, mo máa ń gbọ́ ohùn Bàbá létí mi. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin yẹn kú. Ọwọ́ mi wà lára wọn, mo sì mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Nígbà tí àìsàn tó pa Bàbá dé, Ọ̀mù-Àrán ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń gun ọ̀kadà lọ sí Èsìẹ́ láàárọ̀ láti lọ wò ó kí n tó wọ iṣẹ́. Ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo ń fún un lóògùn lọ́wọ́ nígbà tó dì mí lọ́rùn ọwọ́ mú.

"Dókítà."

"Ẹ̀ẹ̀n, Bàbá."

"Oríkì tí mo kì ọ́ ní kóòtù lọ́jọ́sí, ṣé wọ́n ṣì rántí ẹ̀?"

Mo gbé ife omi sílẹ̀. Mo ní, "Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, Bàbá. Ó wà nínú ìwé wọn títí ayé."

Ó mi orí. Ojú rẹ̀ wá kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Ìdajì ni wọ́n kọ. Ọmọdé lọ́yà yẹn ò jẹ́ kí n parí. Mo kì ọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ẹ, ọjọ́ ńlá ni, kì í ṣe àárọ̀ lásán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yà sílé wa ni ó ní ó tó. Ó wá ní kí n fi ọ̀kan rọ́pò ìkejì. Ta ní ń ṣe bẹ́ẹ̀? O jẹ́ rántí sọ fún wọn pé mi ò tíì parí."

Èmi tí ó ń kì tọ̀tún-tòsì, ti bàbá àti ti ìyá, lọ́dọọdún, kò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo rántí ẹnu rẹ̀ tó là sílẹ̀ nílé ẹjọ́, mo ti rò pé ìyàlẹ́nu ni. Èsìẹ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bóyá adájọ́ ì bá kà á sí, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tí mo fi ń bínú sí i pé ó fà mí lé Ìlá lọ́wọ́, ilé ni ó ń mú mi bọ̀, wọ́n dá a dúró lójú ọ̀nà. Omijé bọ́ lójú mi sórí aṣọ iṣẹ́, mi ò sì nù ún.

Ó ní, "Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà pẹ̀lú aṣọ funfun mi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìlá, láti ìdí ilẹ̀kùn ọba, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Ó ń sinmi, ó tún ń bọ̀. Kò fo ẹnìkan. Lẹ́yìn náà ló yà sílé: ọmọ onílé tó gba òkúta lálejò, ọmọ Èsìẹ́, ọmọ mi. Nígbà tó parí, ó pajú dé díẹ̀ kí èémí rẹ̀ lè balẹ̀. Ó wá tẹ̀ mí léjìká.

"Dìde, Dókítà," ó ní. "Àwọn aláìsàn ń retí ẹ."